Ilé Tí Bàbá Gbádérọ̀ Kọ̀ Láti Wọ̀

Gbogbo àdúgbò wọn ní Agbówó ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Gbádérọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan fún odidi wákàtí, tí wọn kò wọlé. Ilé ọ̀hún kò sì sí níbì kankan àfi nínú kọ̀ǹpútà Fẹ̀hìntọlá.

Géèmù tí kò ní àwòrán ni Fẹ̀hìntọlá ń ṣe, kí afọ́jú lè máa gbá a. Etí ni wọ́n fi ń rìn nínú rẹ̀: èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, ohùn á ké àgò, bí ohùn náà bá ṣe padà sí i ni yóò fi mọ̀ bóyá ògiri ló kàn tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Gbádérọ̀, tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀ kí ojú wọn tó fọ́, ni afọ́jú kan ṣoṣo tó gbà láti dán an wò. Bí wọ́n bá ní kò dára, iṣẹ́ ọdún méjì ti wọmi.

Lọ́jọ́ náà, ní pálọ̀ wọn, wọ́n dé ilé ìkẹyìn nínú géèmù náà, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Àgò. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọn kò sì tẹ bọ́tìnnì mìíràn.

“Ẹ wọlé, sà.”

“Ta ló dá mi lóhùn?”

“Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Bàbá.”

“Kò sí èèyàn nílé, o wá ní kí n wọlé. Ṣé olè ni mí ni?”

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Nígbà kan rí, àjẹ́ǹtì ilé kan mú wọn lọ wo yàrá ní Bódìjà, ó ní yàrá náà fẹ̀ bíi pápá. Bàbá pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan. “Ọ̀gbẹ́ni, ògiri rẹ ti dáhùn kí n tó pa á tán.”

Lọ́jọ́ mìíràn, nínú géèmù náà, wọ́n ké àgò ní ilé kẹta, wọ́n mi orí. “Òjò á pa àwọn ará ibí.” Fẹ̀hìntọlá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ti gbàgbé òrùlé.

Ó wá fi ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí ilé ìkẹyìn yẹn, kí ẹnì kan lè máa dáhùn àgò.

“Èyí ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Yọ ọ́.”

“Ẹ̀yin gan-an ẹ wá dáhùn, sà, kí n gba ohùn yín sílẹ̀.”

“Ọ̀fun ń dùn mí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò bá wọn láyé.

Oṣù mẹ́ta ni Fẹ̀hìntọlá kò fọwọ́ kan géèmù náà. Nígbà tó yá, ó ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbà sílẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá nígbà tí wọ́n ń dán géèmù wò, ó kan ọjọ́ kan tí òun jáde lọ ra omi, tí òun kò rántí pa ẹ̀rọ. Ó gbọ́ bí Bàbá ṣe ń rọra kọrin. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ń padà bọ̀, àgò tí òun ké lẹ́nu ọ̀nà, àti bí Bàbá ṣe dáhùn.

Ó gé ibẹ̀, ó fi í sí ilé ìkẹyìn. Ó di ojú, ó tẹ bọ́tìnnì.

Àgò.

“Àgò yà, ọmọ mi. Rọra o, o da wáyà rẹ sójú ọ̀nà.”

Fẹ̀hìntọlá gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó sì wọlé.