Ọrọ́ Kékeré Inú Ife

Ọrọ́ tí mo mọ̀ nílùú wa lẹ́sẹ̀ òkè ga ju èèyàn lọ. A máa ń fi ṣe ọgbà yí ilé ká, a sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má jẹ́ kí oje rẹ̀ ta sí wọn lójú. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin gbé èyí wọlé ní Okokomaiko, tó ní ọrọ́ ni, mo wò ó títí. Kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Ẹ̀gún rẹ̀ funfun bí irun orí arúgbó. Ó ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fún òun, pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nílẹ̀ òkèèrè ni irú rẹ̀ ti ń hù, ó sì máa ń yọ òdòdó. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi í sè. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbìn ín sínú ife tánńganran kan, ó gbé e sójú fèrèsé.

Èmi àti ọrọ́ yìí la jọ ń ṣọ́lé. Bí ọmọ mi bá ń lọ síbi iṣẹ́ nínú bárékè Ọ̀jọ́ láàárọ̀, á ti géètì pa láti ìta, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kì í ṣe ìkà. Mo ti sọnù rí. Mo fẹ́ lọ ra ata ní Ìba, àfi bí mo ṣe bá ara mi ní Igbó-Elérin, tí mi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tí àwọn ọlọ́kadà ń bi mí ní orúkọ àdúgbò tí mi ò lè sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀, mò ń bomi rin ọrọ́ náà láràárọ̀, bí ẹni ń bomi rin tẹ̀tẹ̀. Ọmọ mi ti ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó ti ohun ẹlẹ́mìí tí kò ní fún un lómi? Kò pẹ́, ìdí rẹ̀ rọ̀, ó ń rùn. Mo fà á yọ, mo yẹ ife wò. Kò ní ihò nísàlẹ̀. Gbogbo omi tí mo ń bù wà níbẹ̀ digbí. Lórí òkè tiwa, bí òjò bá rọ̀, omi kì í dúró, àárín òkúta ló ń gbà lọ. Òkè tiwọn náà kò lè yàtọ̀ púpọ̀.

Mo fi ọ̀bẹ gé ibi tó jẹrà, mo tẹ́ ìyókù sórí bébà. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, mo wá agolo mílíìkì, mo fi ìṣó lu ìdí rẹ̀. Ó wá ku òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń kọ́lé lọ́ọ̀ọ́kán kó o jọ síwájú géètì wa gan-an. Mò ń rí i lábẹ́ géètì, ọwọ́ mi ò tó o.

Mo pe aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ti òkúta náà sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ilé kejì síbẹ̀ ni?"

"Ọrọ́ ni mo fẹ́ kọ́lé fún."

Ó rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ wá kan àgádágodo. Ó wá bi mí pé bí iná bá ṣẹ́ yọ lọ́sàn-án, ibo ni mo máa gbà jáde. Mo wo ògiri. Ìgò fífọ́ ni wọ́n tò sórí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo jẹ́ kí ọmọ mi jẹun tán.

"Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ géètì."

"Màmá, bí ẹ bá tún sọnù ńkọ́?"

"Tí mo bá sọnù, wọ́n á rí mi. Tí iná bá jó mi mọ́nú ilé, kí ni wọ́n máa rí?"

Ó gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí fóònù òun bá dún níbi iṣẹ́, òun á rò pé wọ́n ti tún rí mi níbì kan ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò jà mọ́.

Ibi tá a parí rẹ̀ sí ni pé kọ́kọ́rọ́ kejì á máa wà lọ́wọ́ aránṣọ. Bí mo bá fẹ́ jáde, kí n pè é. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń jókòó tì í, màá máa bá a já òwú. Lọ́jọ́ tí kò bá ṣí, inú ilé náà ni.

Lẹ́yìn òjò, ọrọ́ náà yọ òdòdó, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó yí orí rẹ̀ ká bí òṣùká. Mo gbé e lọ sídìí géètì kí aránṣọ lè rí i. Mo pè é. Maṣíìnì rẹ̀ ń dún, kò gbọ́. Mo fi ṣíbí lu géètì.

"Màmá, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n ran síìpù yìí tán."

Mo ní kò burú. Mo wá nǹkan fìdí lé, mo gbé agolo lé itan, mo ń retí rẹ̀.