Fáàfù Tí Kì í Pe Ẹnikẹ́ni

Tìípa ni gbogbo ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà ń pè é, nítorí láti ìgbà tó ti wà ní géńdé ló ti ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn pé bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ omi tán, kí wọ́n tì í pa. Iṣẹ́ páìpù ló ń ṣe: ó ń to ó, ó ń so ó, ó sì ń tún un ṣe. Kò sí ihò ara páìpù tí kò lè rí. Ti ilé ara rẹ̀ nìkan ni kò rí. Ìyàwó rẹ̀ jò lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, títí di òní kò mọ ibi tó ti sán.

Obìnrin náà kò jìnnà lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ló wà, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń wọ inú àgbá ńlá tí wọ́n ti ń se ọṣẹ, tí wọ́n á máa fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha inú rẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá ọmọ mi."

"Káàárọ̀, ìyá ọmọ mi."

Ó parí nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n ń fi pe ara wọn náà ti lọ́kọ, kì í sì í pe èyíkéyìí nínú wọn.

Òkè àgbá yẹn ni páìpù kan ti ń gbé omi sódà gbígbóná wá. Bí omi náà bá kan èèyàn, awọ á bó bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́. Fáàfù kan ló ń dá a dúró lókè nígbà tí àwọn obìnrin bá wà nínú àgbá. Fáàfù labalábá ni: àwo pẹlẹbẹ kan tó dúró láàárín páìpù bíi kòkòrò tó na apá, tí rọ́bà sì yí i ká. Ó fúyẹ́, ọwọ́ kan gbé e, ibi tóóró gbà á. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: sódà gbígbóná máa ń jẹ rọ́bà rẹ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ ó ti fáàfù, fáàfù á ní òun ti tì, ṣùgbọ́n á máa kán.

Bó bá ń kán, wọ́n á pe Tìípa. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọn kì í pe èyí ní àléébù.

"Labalábá ló ń bọ́ wa," ni Wẹ́ldà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jó irin pọ̀, máa ń sọ. "Kòkòrò tó ń bọ́ èèyàn, ta ló ń pa á?"

Fáàfù oníbọ́ọ̀lù náà wà. Bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n lu ihò já láàárín ló wà nínú tirẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀, ihò á kọjú sí páìpù, omi á kọjá. Ẹ yí i padà, ara bọ́ọ̀lù á kọjú sí omi, ẹjọ́ á parí. Ohun tó ń dì í nínú kì í ṣe rọ́bà, sódà kò rí i jẹ. Ó wúwo bí ẹ̀sùn àna, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé e sí i, ẹ lè gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù kò fi fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé. Ẹnjiníà ni, ọ̀dọ́, oníwà pẹ̀lẹ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n sábà máa ń rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ará ṣọ́ọ̀bù jọ, ó ní ọjà kò tà mọ́: ẹni tí wọn kò bá pè mọ́ láti tún nǹkan ṣe, ilé iṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì jẹ́ kó máa lọ. Tìípa mọ ohun tó máa bá iṣẹ́ náà lọ: yàrá tó ń gbé lẹ́yìn ilé iṣẹ́, àti àpótí irinṣẹ́. Ti ilé iṣẹ́ ni méjèèjì. Yàtọ̀ sí wọn, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìkan ló ní.

Kò pẹ́, fáàfù orí àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í kán, wọ́n sì pe Tìípa. Inú Wẹ́ldà dùn. Nígbà tí Tìípa débẹ̀, ìyá ọmọ rẹ̀ ló bá tó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ha àgbá ń da omi sí i lọ́rùn. Awọ ibẹ̀ ti bó.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Rárá o, ó ń ṣe mí bí ìpara. Fáàfù yín ń sunkún, bàbá ọmọ mi. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́, bóyá ẹnì kan ló kú fún un."

"Màá pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀."

"Ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá tì, mo mọ bó ṣe máa ń rí."

Ó dìde, ó fi ọ̀rá di orí àti ọrùn, ó tún wọ inú àgbá lọ, nítorí ẹni tí kò bá ha àgbá tirẹ̀ mọ́ kò gbọ́dọ̀ padà wá lọ́la. Tìípa so korobá kan mọ́ ẹnu páìpù lókè orí rẹ̀.

Ọ̀gá ránṣẹ́ sí i. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé labalábá tuntun ni ká rà, àbí oníbọ́ọ̀lù? Èyí tẹ́ ẹ bá mú la máa rà."

Tìípa ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù, Wẹ́ldà gbọ́, ó sì ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ rò? Obìnrin tó kọ̀ ẹ́!"

"Ọrùn ni gbogbo ọrùn ń jẹ́."

"Tìẹ náà ńkọ́? Ṣé torí kọ́là ẹ̀wù ni wọ́n ṣe dá a?"

Òótọ́ ni Wẹ́ldà sọ, Tìípa sì gbà. Ó padà sí ọ́fíìsì láti lọ mú labalábá. Ó ti la ẹnu láti pè é.

"Oníbọ́ọ̀lù," ni ẹnu rẹ̀ sọ. Ó ya òun gan-an lẹ́nu.

Nítorí ìwúwo rẹ̀, wọ́n ní láti jó ẹsẹ̀ irin kan sábẹ́ rẹ̀ tí yóò gbé e dúró. Wẹ́ldà ló jó o, ó ń pòṣé bí ẹni tó ń kan pósí ara rẹ̀. Wọ́n ti fáàfù, wọ́n tú sódà sílẹ̀, gbogbo èèyàn na ọrùn. Kò sí nǹkan kan. Tìípa fi bébà nu ẹnu páìpù, bébà jáde ní gbígbẹ. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pe Tìípa lọ sórí àgbá mọ́. Ó tilẹ̀ máa ń lọ yọjú sí fáàfù náà fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò tí aláìsàn sì kọ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́. Ó wu ọ̀gá débi pé ó ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo labalábá tó wà lójú ọ̀nà sódà. Tìípa fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ wọn, títí ó fi kan èyí tó kẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ni ọ̀gá wí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Iṣẹ́ yín dára débi pé a ò rí ohun tá a máa pè yín fún mọ́."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìyẹn gan-an ló burú nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí Wẹ́ldà náà máa lọ, ó sì dá ṣáájú jáde ní géètì láìdúró de Tìípa.

Kí Tìípa tó lọ, ó yà sí ìdí àgbá. Ìyá ọmọ rẹ̀ ń di ọ̀rá mọ́rùn.

"O ṣì ń di ọ̀rá yìí? Kò ní kán mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó." Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Àti pé ọwọ́ fáàfù yín le jù. Apá ń ro ẹni tó ń tì í."

Ó fẹ́ sọ fún un pé òun ló yan fáàfù náà, àti ohun tó bá a lọ. Ó wo ọrùn rẹ̀ tó ti jinná. Kí ló fẹ́ kó fi ṣe?

"Ó dàbọ̀, ìyá ọmọ mi."

"Ẹ kú ìrìn."

Yàrá tí Tìípa rí gbà lẹ́yìn náà ní ẹ̀rọ omi kan lára ògiri. Ó ń kán. Tìípa tẹjú mọ́ ọn, ó mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mú sípánà, kó tó rántí pé ó ti wà ní ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́. Ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí abọ́ kún, ó dà á nù, ó sì tún gbé e padà síbẹ̀.