"Da Sauƙi" Ló Pa Alhájà Kúlúsúmù

Alhájà Kúlúsúmù Àbdùlbáàkí, ọmọ Ìlọrin, aránṣọ ní Maitumbi ní Minna níbí, kú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n là á níkùn. Ilé ìwòsàn ní òtútù àyà ló pa á. Èmi ní ìwà ọmọlúàbí ló pa á, wọ́ọ̀dù kan sì ràn án lọ́wọ́.

Bí ọmọ yín bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù rí ní Maitumbi, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń rán ṣòkòtò ọmọ ọdún mẹ́fà kí ó lè gba ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá ráhùn, á ní kí ẹ lọ kìlọ̀ fún ọmọ yín kó má jẹun mọ́. Ọdún méjì gbáko ni Ayọ̀ ọmọ mi fi okùn so ṣòkòtò mọ́dìí; ọdún kẹta ló tó ṣe rẹ́gí. Mo lọ sọ fún Alhájà pé ó jàre. Ó ní òun mọ̀.

Ìfun rẹ̀ ló lọ́ pọ̀. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà mọṣẹ́, n kò bá a jà. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí wọ́n máa fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ìbáà ráhùn, ìbáà má ráhùn. Ẹni tí wọ́n là níkùn gbọ́dọ̀ lè mí kanlẹ̀, kó sì wúkọ́. Bí ìrora kò bá jẹ́ kó wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sí àyà rẹ̀, á di òtútù àyà. Kí ìrora tó dé ni a ti ń dènà rẹ̀, bí Alhájà ṣe ń rán ṣòkòtò de ìdàgbà ọmọ.

Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ní àṣà tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bi gbogbo aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ya jiki?", ara ńkọ́? Kí ni ará Minna ń dáhùn? Hausa ni o, Ìlọrin ni o, Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, èsì kan ni gbogbo wa ní: "Da sauƙi," ara ti ń yá. Bí wọ́n bá ń gé wa lórí lọ́wọ́, ohun tí a ó wí nìyẹn. Ìkíni lásán ni. Nọ́ọ̀sì á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrora, abẹ́rẹ́ á wà níbi tó wà.

Mo lọ kí i ní ọjọ́ kẹta. Èmi náà bi í, ó ní da sauƙi. Mo bá tún ìtàn ṣòkòtò Ayọ̀ sọ. Alhájà, tó ń pa gbogbo àdúgbò lẹ́rìn-ín, fi ìrọ̀rí di ikùn mú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo tún sọ òmíràn. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Rumaysa ọmọ rẹ̀ tú àpò ẹrù ìyá rẹ̀ tí ilé ìwòsàn kó lé e lọ́wọ́. Páálí abẹ́rẹ́ ìrora tó sáré lọ rà ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. A gbé e lọ bá olórí nọ́ọ̀sì. Ó wò ó, ó wá pòwe fún wa.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá yín ò ráhùn."

Ẹ gbọ́ òwe! Ẹni tó dákẹ́ ló jẹ̀bi. Ẹni tó rí i pé kò lè mí kanlẹ̀, tó sì kọjá sí ibùsùn kejì, kò jẹ̀bi. Ta ló ní kí ẹ dúró de ìráhùn? Ṣé Alhájà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ọpẹ́ ni yóò wá máa pariwo lé ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ lórí? Òun fúnra rẹ̀ kì í bi ọmọ pé báwo ni ìbàdí. Téèpù ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Olùdarí ilé ìwòsàn náà mọ ara rẹ̀. Kó gbé fáìlì yẹn fún Rumaysa. Ta ló kọ "kò sí ìrora" síbẹ̀, ọjọ́ wo, ẹ̀ẹ̀melòó? A fẹ́ orúkọ. Láti òní lọ, kí nọ́ọ̀sì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kó ní kí aláìsàn wúkọ́ lójú òun, kó sì fún un lóògùn lásìkò. Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Rumaysa ń bọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú páálí abẹ́rẹ́ náà. A ó bi í pé báwo ni wọ́ọ̀dù. Kó má dá wa lóhùn pé da sauƙi.