Àtùpà Tí Mo Kọ̀

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Akínyẹlé, kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo gba yàrá sí ni ìyá onílé ti ń ṣe gàrí. Omi kíkan náà a máa ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, tó bá sì di ọ̀sán, tí wọ́n bá ti dáná sábẹ́ agbada, òórùn gàrí yíyan á bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Títí dòní, bí òórùn yẹn bá bá mi pàdé lọ́jà Ṣáṣá, mo máa ń dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi débẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, àwọn olùkọ́ yòókù á gun ọ̀kadà padà sí ìgboro, èmi nìkan ni n ó rìn wálé, n ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èmi àti ìyá onílé nìkan la wà nínú ilé náà. Opó ni wọ́n, aláṣọ funfun, yàrá wọn a sì máa rùn fún àbẹ́là. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn á jókòó ti àwo oúnjẹ wọn lẹ́yìnkùlé, bí mo bá sì ń kọjá lọ pọnmi, wọn á ní, "Tíṣà, wá jẹun o." Èmi náà á dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé: "Á gba ibi ire o, Màmá." Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá tọ́ kì í jókòó ti oúnjẹ olóúnjẹ ní ìpè àkọ́kọ́. Ó yẹ kí wọ́n rọ̀ ọ́. Mo ń retí kí wọ́n rọ̀ mí, wọn ò rọ̀ mí, mo wá gbà pé ìpè ẹnu lásán ni. Mo dá wà débi pé mo ti ń bá sítóòfù mi sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi láptọ́ọ̀pù kan sílẹ̀ fún mi kó tó lọ sókè òkun, géèmù kan sì wà nínú rẹ̀. "Ẹ máa fi ṣeré, kí ẹ má baà máa ronú jù," ló wí. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò sé mi mọ́lé, mo ṣí i. Lójú ẹ̀rọ náà, ẹnì kan jí ní abúlé kan lẹ́bàá igbó, ọ̀pá lọ́wọ́, òṣùpá méjì lókè orí rẹ̀, kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi ni n ó máa darí ẹni náà. Mo ní ó dáa, àwa méjèèjì bára mu.

Ìyá àgbà kan jókòó síwájú ahéré níbẹ̀. Ewúrẹ́ wọn ti sọnù sínú ihò àpáta, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí géèmù náà sì yàn fún mi ni kí n lọ mú un wá. Kí n tó lọ, ìyá náà na àtùpà sí mi. Ìbéèrè hàn lójú ẹ̀rọ: ṣé n ó gbà á? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá. Ọwọ́ mi ti tẹ rárá kí n tó ronú. Àgbàlagbà dá jókòó lẹ́bàá igbó, kí n wá gba àtùpà kan ṣoṣo tí wọ́n ní? Ó yá, kí wọ́n rọ̀ mí ná. Ìyá àgbà ní, "Ó dáa," wọ́n sì gbé àtùpà wọlé. Mo dúró. Mo tún lọ kí wọn. "Ewúrẹ́ mi ṣì wà nínú ihò," ni gbogbo èsì wọn. Mo kí wọn títí ó fi sú mi, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba àtùpà.

Inú ihò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn àdán ńláńlá pa mí, mo tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pa mí. Ǹ bá ti pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ padà sí? Nígbà tó yá, mo gbọ́ igbe ewúrẹ́ náà tín-ín-rín láti ọ̀ọ́kán. Mo bá di ojú mi, torí kò kúkú sí ohun tí mò ń rí, mo ń fi etí tẹ̀lé e. Bí igbe náà bá rẹlẹ̀, n ó padà sẹ́yìn. Bó bá lọ sókè, n ó tẹ̀ síwájú. Òjò ń lu páànù. Mo ṣàdédé rí i pé mò ń sunkún. Nǹkan kan ń ké nínú òkùnkùn pé kí ẹnì kan wá, mo sì mọ bó ṣe ń rí.

Nígbà tí mo fa ewúrẹ́ náà dé ahéré, ìyá àgbà ní kí n jókòó, kí n jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá. Mo yára tẹ bẹ́ẹ̀ ni. A jókòó ti iná, àwa méjèèjì. N kò tẹ nǹkan kan mọ́, mo kàn ń wò wá.

Òjò dá nírọ̀lẹ́. Mo jáde lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi gbe omi òjò. Ìyá onílé ti jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí.

"Tíṣà, wá jẹun o."

"Á gba ibi ire o, Màmá." Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí.

Wọ́n mi orí, wọ́n sì tẹjú mọ́ àwo wọn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, bí ẹni tó tún rí i tí wọ́n ń gbé àtùpà wọlé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jẹ níbẹ̀."

"Háà!" Wọ́n ti ń sún àpótí ìjókòó sí mi. "Èmi rò pé ẹ̀yin tíṣà ò lè jẹ oúnjẹ wa ni. Mi ò fẹ́ máa yọ ọ́ lẹ́nu."

Iṣu sísè àti ẹ̀fọ́ yánrin ni. Iṣu náà ju ti ẹnì kan lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí bàbá ilé yìí ti wà, ẹni méjì lọwọ́ mi mọ̀ ọ́n sè fún."

A jọ ń jẹun láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọmọ wọn fi wá mú wọn lọ máa bá a gbé ní Ọlọ́runṣògo. Agbada tutù, òórùn gàrí lọ. Ó ṣì ń dùn mí pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú yẹn, ògiri kan péré ló wà láàárín wa, oúnjẹ ẹni méjì sì wà nínú ìkòkò. Àbúrò mi bi mí lórí fóònù bóyá mo ti parí géèmù náà. Mo ní n kò tíì kúrò ní abúlé àkọ́kọ́.

Lórí àpótí ìjókòó yẹn lẹ́yìnkùlé ni mo ti ń jẹun báyìí. Lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kì í kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọjá, tí mo ní kó wá jẹun, tó sì dáhùn pé á gba ibi ire, mo máa ń tún un pè.