Igbá Fìlà Tí Ìyá Mi Kò Fi Lé Tàǹtí Lọ́wọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ̀nyìn, tí òmìnira Dahomey ṣì tuntun lẹ́nu àwọn àgbà, igbá kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bu omi tàbí fi wọn gàrí. Igbá fìlà Bàbá mi ni. Ní agboolé wa, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, obìnrin tó mọ fìlà fọ̀ jù lọ ni yóò fi òwú wọn orí ọkọ ìyàwó náà, yóò wá igbá tó bá orí náà mu, yóò sì fi lé ìyàwó lọ́wọ́. Lórí igbá yẹn ni fìlà ọkọ yóò ti máa gbẹ, kó má baà súnkì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bóyá ẹ rí irú rẹ̀ nílé tiyín náà.

Ìyá mi ni obìnrin yẹn ní agboolé wa. Bí Jímọ̀ bá ku ọ̀la ló máa ń fọ fìlà. Yóò kọ́kọ́ gbọn eruku rẹ̀ dànù, yóò wọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo gbígbẹ síbi tí òróró orí ti mu, yóò sì fi í sílẹ̀ kó fa òróró náà. Omi tútù ló ń lò. Kì í fi ọṣẹ pa fìlà lára, ìhó ọṣẹ nìkan ló ń fi ìka tẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kì í sì í fún un. Fìlà àrán kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fojú kan omi, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló fi ń gbá a. Èmi ni mo ń di igbá mú. Bí mo bá ṣe é dáadáa, àkàrà gbígbóná ni èrè mi. Bí mo bá gbé fìlà sóòrùn dípò ibòji, ìgbátí ni. “Oòrùn ò lórí,” ni yóò wí, “kí ló fẹ́ fi fìlà ṣe?”

Ọdún kan, Tàǹtí Rafátù, àbúrò Bàbá mi, ti Àjàṣẹ́ níbi tó ti ń kọ́ aṣọ rírán dé, torí ilé wa la ti fẹ́ so yìgì rẹ̀. Adúmáadán ni Ìyá mi ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó ti fi òwú wọn orí ọkọ ìyàwó, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Abíjàn, èmi sì rẹ́rìn-ín títí nítorí orí náà tóbi.

Bàbá mi ní fìlà sányán kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òun ló fẹ́ dé lọ́jọ́ yìgì náà. Nígbà tó ku ọ̀la, Ìyá mi lọ nájà ní Banigbé. Tàǹtí ní kí òun bá a dín iṣẹ́ kù. Ó gbé fìlà náà, ó da Jafẹ́ẹ̀lì sínú omi, oògùn inú ìgò tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun ní Àjàṣẹ́, ó sì rì í sí i. Kí Ìyá mi tó dé, sányán ti di tótòtó bí ara ewúrẹ́, ó sì ti ń já lọ́wọ́.

Bàbá mi dé e bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn àna bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí rẹ̀ tí wọ́n ń fi ìgbúnwọ́ gún ara wọn, ó ní, “Àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ fún mi.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyá mi ni kò gbà. Tàǹtí, tó jẹ́ ọkọ fún un nínú ilé, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Paadọ̀n, ìyàwó wa. Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́.”

“Adúmáadán, ẹ jẹ́ kí Jafẹ́ẹ̀lì kọ́ yín.”

Ọwọ́ òfo, láìsí igbá fìlà, ni Tàǹtí fi gun ọkọ̀ lọ sí Abíjàn. Bàbá mi sọ ọ́ títí pé ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni bàbá ìwà. Tí Tàǹtí bá fi kíkí ránṣẹ́, “A dúpẹ́” nìkan ni Ìyá mi yóò sọ. Bàbá mi kú, ọjọ́ sì gorí ọjọ́. Nígbà tí ara Ìyá mi kò gbé kánkán mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń bi mí pé, “Adúmáadán ò wá síbí mọ́ ni?” Ó dùn mí, nítorí ẹnu tó lé e lọ kọ́ ló yẹ kó máa béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìsìnkú Ìyá mi ni Tàǹtí tó dé, òun náà ti di opó. A ń palẹ̀ yàrá mọ́ nígbà tí mo rí igbá tuntun kan lórí àjà, òwú ìwọnrí ṣì wà lára rẹ̀. Tàǹtí gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

“Ó ti wá a fún mi,” ló wí. “Ó ti wá a, kò sì fún mi.” Ó sunkún tí mi ò mọ bí mo ṣe lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò gbé e lọ.

Lónìí, inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni àwọn ọmọ mi ń ju fìlà sí pẹ̀lú sòkòtò jíǹsì. Bó bá bàjẹ́, wọn a sọdá sí Nàìjíríà lọ ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì yan odì nítorí fìlà, ìyẹn sì sàn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n igbá Tàǹtí ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti gbé fìlà gbogbo ọkùnrin ilé wa lé e wò, kò bá ọ̀kankan mu.