Ọdún Tí Wọ́n Ní Ká Má Dáná Sun Koríko

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko kan tu, ó sì ká a mọ́ ìka bí ẹni ń ká òwú. Koríko náà ká, kò dá. Ó fi ìdí rẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu ú dànù. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìrì sì ti rin aṣọ mi dé orókún. Níwájú wa, ọ̀dàn tẹ́ rẹrẹ títí dé ibi tí ojú mi mọ. Orí koríko ti pọ́n, ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Àparò kan ń ké níbì kan tí a kò rí i.

"Ó ti tó sísun," Màmá wí. "Bí a bá jẹ́ kó fi ọ̀sẹ̀ méjì lé e, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn."

Ìyá bàbá mi ni. Gbogbo abúlé ló ń pè é ní Màmá, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní abúlé kékeré kan tí kò jìnnà sí Ẹ̀gùá, níbi tí ilẹ̀ wa ti parí tí ilẹ̀ Faransé sì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹẹrẹ ló ń gé tà, ìyẹn koríko gígùn tí a fi ń bo òrùlé. Páànù ti dé abúlé lákòókò náà, ṣùgbọ́n ilé ìdáná, àká àgbàdo àti abà oko, bẹẹrẹ ni wọ́n ṣì fi ń bo gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń fi koríko jẹun kò lè fojú kékeré wo iná. Nítorí náà, lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ tí ọyẹ́ kò sì tíì mú, Màmá á dáná sun ẹ̀yìn abúlé àti etí pápá bẹẹrẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná àkókò yẹn kì í ga ju kókósẹ̀ lọ. A máa rìn lẹ́yìn rẹ̀, òórùn èéfín rẹ̀ á máa ta sánsán bí ìgbà tí wọ́n ń yan àgbàdo tútù, ìrì ìrọ̀lẹ́ á sì pa á fúnra rẹ̀. Bí iná ńlá bá wá dé nígbà ọyẹ́, kò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀ mọ́, á yà síbòmíràn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìjọba ológun ti bodè pa. Ọkọ̀ tó máa ń gba ọ̀nà wa lọ sílẹ̀ Faransé kò kọjá mọ́. Bàbá mi kékeré, àbúrò bàbá mi, ẹni tó máa ń kó àgbàdo lọ tó sì máa ń kó ìrẹsì bọ̀, ń jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí pé wọ́n ti gba ẹrù rẹ̀ ìkẹyìn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè pa àgọ́ sínú ọ̀dàn lẹ́yìn abúlé wa gan-an. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́, abẹ́ igi òrí kan ni wọ́n tò ó sí, ọ̀kan lórí èkejì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá ibẹ̀, òórùn rẹ̀ á wọ inú ọbẹ̀ wa.

Láti ibi tí Màmá ti jẹ koríko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àgọ́ náà la gbà lọ tààrà. Ọ̀gá wọn ń fá irùngbọ̀n lẹ́nu àgọ́. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìlú tí igbó kìjikìji yí ká ni wọ́n bí òun sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," Màmá wí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ sun koríko ẹ̀yìn abúlé. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín, kí èéfín má baà já yín láyà."

Ó nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná nínú pápá yìí. Èéfín làwọn onífàyàwọ́ fi ń bojú. Àṣẹ ni, Màmá."

"Koríko yìí á jó náà ni, ọ̀gá. Bí a ò bá sun ún nísinsìnyí, ọyẹ́ á sun ún fún wa."

"Ta ni yóò dáná sí i? A ti ti bodè."

 Màmá kí i pé ó dìgbà ó ṣe, a sì padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún lọ. Lọ́jọ́ náà, ó fi koríko méjì dání, ọ̀kan láti etí odò, ọ̀kan láti orí òkè, ó ká wọn lójú ọ̀gá náà kó lè rí i pé ti orí òkè ti gbẹ, ó ti ń dá. Ọ̀gá náà kò wo koríko. Ìṣáná tí Màmá dì sí etí aṣọ ló wò, ó ní kó kó o wá. Màmá tú etí aṣọ, ó kó o fún un.

Inú bí mi débi pé mo sunkún lọ́nà. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí àgọ́ wọn jóná."

Ó dúró, ó yíjú sí mi. "Ọmọ àwọn kan ni wọ́n. Bí wọ́n bá jóná, ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún ìyá wọn?"

 A rìn títí a fi rí òrùlé ilé wa, kó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Iná ni wọ́n ní ká má dá. Wọn ò ní ká má roko."

Ìdájí ọjọ́ kejì la gbé ọkọ́. Ohun tó fẹ́ ni pé ká ro ojú ọ̀nà kan láti etí odò títí dé orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ kó má ṣẹ́ ku ewé gbígbẹ kan. Mo ṣì ń gbọ́ bí ọkọ́ ṣe ń ha yangí, tó ń dun eyín. Mo rántí òórùn gbòǹgbò koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú, àti bí àtẹ́lẹwọ́ mi ṣe lé ròrò tí Màmá ń fi òrí pa á fún mi lálaalẹ́. Kò yára. Bó bá ro ó lẹ́ẹ̀mẹta, á nàró, á wo iwájú, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni bàbá mi kékeré wá bá wa. Ó ti rí i pé ojú ọ̀nà náà yípo, pé ó fi àgọ́ àwọn aṣọ́bodè sínú.

"Màmá, àwọn tó kó ẹrù mi lọ lẹ ń bá roko?"

"Bí bẹntiróòlù yẹn bá gbiná," Màmá wí, kò dáwọ́ dúró, "ilé ta ló kángun sí i?"

Ilé bàbá mi kékeré ni. Ó kọjú sílé, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀ léjìká, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro láti apá òkè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò wá, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọkùnrin tí bodè ti sọ di aláìníṣẹ́. Àwọn aṣọ́bodè ń wò wá láti ẹnu àgọ́. Wọn ò dá wa dúró, wọn ò sì ràn wá lọ́wọ́.

Pápá bẹẹrẹ Màmá wà lódìkejì odò. Ọyẹ́ ti ń mú, ètè gbogbo wa ti ń là. Mo bi í léèrè ìgbà tí a máa ro ti ibẹ̀.

"Ọwọ́ wa ò lè tó méjèèjì," ó wí. Kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòdì tí wọ́n ń rà bàbà lójú ọ̀run níhà ilẹ̀ Faransé. Màmá rí wọn kí n tó fi ìka hàn án. Tata tó ń sá fún iná ni wọ́n ń dọdẹ. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìró iná náà, ó dà bí òjò tó ń rọ̀ bọ̀ lórí páànù. Iná náà ga ju ènìyàn méjì lọ, ó kọjá bodè tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá, ó sì ń bọ̀ tààrà. Àwọn aṣọ́bodè ń yí kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọ́n á yí i sí. Màmá ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn já ẹ̀ka tútù, kí a tò sí etí ilẹ̀ tí a ro.

Iná dé ibẹ̀, ó sì wó lulẹ̀. Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Ó ń wá nǹkan jẹ, kò rí. Ẹ̀ta iná fò kọjá níbi méjì, a sì sáré lù ú pa. Níbi kejì, mo rí ọ̀gá aṣọ́bodè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi kékeré, àwọn méjèèjì ń fi ẹ̀ka lu ilẹ̀, ikọ́ ń gbé wọn. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti parí. Ilé kankan ò jó. Ṣùgbọ́n iná fo odò lápá ìsàlẹ̀, ó jẹ gbogbo bẹẹrẹ Màmá, kò ṣẹ́ ku ìdì kan. Màmá dúró létí odò, ó ń wo dúdú yẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbóná. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, a ò rí bẹẹrẹ tún ilé ìdáná wa bo, ó ń jò, àárín agbada àti ike tí a fi ń gbe omi òjò la sì ti ń dáná.

Lọ́jọ́ kejì iná náà, ọ̀gá wá sílé wa. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ lórí erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn. Màmá ní kó dìde, ó fún un lómi mu.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Ta ló kọ́ yín nípa iná báyìí?"

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Mo ń lọ wò ó lójoojúmọ́ ni."

Ó ṣèlérí pé bó bá di àmọ́dún, òun fúnra òun á dúró tì wá tí a máa sun ún. Àmọ́dún kò bá a níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn, wọ́n sì gbé ẹlòmíràn wá, bodè ṣì wà ní títì. Nígbà tí koríko tún tó sísun, Màmá di ọwọ́ mi mú, a lọ bá ọ̀gá tuntun. Kò ráhùn pé ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀. Ó kí i bí ẹni tí wọn ò ṣẹ̀ rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ kó tó gbà.

Iṣẹ́ ọ̀dàn ni mo padà fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo kàwé lórí rẹ̀, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ohun tí ìyípadà ojú ọjọ́ ń ṣe fún koríko ilẹ̀ wa. Nítòsí Ìlárá, mo pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta: ọ̀kan à ń sun ún nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, ọ̀kan à ń sun ún nígbà ọyẹ́, ọ̀kan a kì í sun ún rárá. Lọ́dọọdún ni mo ń ka igi àti koríko tó wà níbẹ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti dá ìwé ìbéèrè mi padà ní ọ́fíìsì ìjọba mọ́. Nígbà tí wọ́n tún ti bodè láìpẹ́ yìí, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti Ìlaròó lọ ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí koríko fi wà nínú búùtù mi. Mo máa ń kí wọn, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó le jù lọ nínú iṣẹ́ náà dé bá mi ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kan. Mo ní láti sọ fún wọn pé àkókò tí àwọn ìyá wa ń sun koríko kò bá ojú ọjọ́ mu mọ́, pé òjò ń pẹ́ kó tó dáwọ́, pé nígbà míì ọyẹ́ á dé kí orí koríko tó pọ́n rárá. Bàbá arúgbó kan dìde. Ó mọ ìdílé wa dáadáa.

"Ìyá rẹ àgbà ló kọ́ abúlé wa ní iná sísun. Ṣé o fẹ́ sọ pé irọ́ ló pa?"

 Ó dà bíi pé mo ń bá Màmá wí lójú ọjà. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ohun tó rí ló sọ. Èmi náà, ohun tí mo rí ni mò ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó máa dúró síbí lẹ́yìn mi yóò ní kí ẹ fi tèmi sílẹ̀."

 Bàbá náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú, ó jókòó. "Ó dáa," ó wí. "Ìgbà wo wá ni ká sun ún?"