Àyè Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jamaica, ní Queens, ń pè ní Ìyá Ìjọ, ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí ojú mi rí màbo ní ìlú New York. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ṣáájú ohunkóhun, nítorí láti ìgbà tó ti kú ni àwọn ènìyàn ti ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ fún mi bó ṣe jẹ́ ènìyàn dáadáa tó. Mo máa ń mi orí ni. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn nígbà náà, mo ti gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ ìtàn, mo sì rò, bí ọmọdé ṣe ń rò, pé ìwé tí mo kà ni wọn yóò fi mọ̀ mí ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú JFK. Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó sunkún, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó tún dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó na báàgì ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ìyàwó, gbà." Mo gbà á. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí i, àwọn èrò ń wọ́ àpótí wọn kọjá lára mi, báàgì obìnrin náà sì wà ní apá mi bí ọmọ tuntun.

Ilé kan náà la jọ gbé ní Springfield Gardens. Kì í ṣe pé mi ò mọ àṣà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ ni ọmọ ilé lóbìnrin jẹ́ fún ìyàwó ilé, àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà ń pè mí ní ọkọ wọn. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ọkọ bẹ́ẹ̀ a máa ra aṣọ fún ìyàwó, a máa bá a dá sí ìjà, a máa gba ọmọ pọ̀n nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mú apá tó dùn nínú àṣà náà wá sí New York, ó fi ìyókù sílẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Èkó. Mo ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí wọn ò ka oyè mi sí níbí, mo ń wọ bọ́ọ̀sì, mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin E, ẹsẹ̀ mi á ti wú kí n tó délé, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i ní ilé ìdáná kí n tó bọ́ bàtà. Á ṣí ìkòkò, á tọ́ ọbẹ̀ mi wò, á ní, "Ìyàwó, ṣé wọn ò ní ilé ìdáná ní yunifásítì yẹn ni?" Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín. Ènìyàn rere ni ọkọ mi, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn, mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin ni. Ní ọjọ́ ìkómọ, Ẹ̀gbọ́n gbé e sókè, ó wò ó, ó ní, "A dúpẹ́ náà." Ẹ máa wo "náà" yẹn. Mo ti gbọ́ èébú tó gùn ju gbólóhùn yẹn lọ tí kò dùn mí tó o.

Nígbà tí ọkọ mi kú lójijì, èmi náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìbàdí mi. Wọn ò jẹ́ kí n dìde lọ sìnkú. Ẹ̀gbọ́n àti àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ yan ilẹ̀ ní itẹ́ òkú. Ní ìlú yìí, ilẹ̀ kò tó, nítorí náà wọ́n máa ń ta ilẹ̀ tó gba ẹni méjì, kí tọkọtaya lè jọ sùn síbẹ̀, òkúta kan náà yóò sì wà lórí àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló yàn. Òun náà ló dúró níwájú àwọn alábòójútó ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín, láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo lè rìn, ọmọ mi gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n bá wa lọ. Apá òsì òkúta náà ni wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi sí, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ rere ni, àbúrò ọ̀wọ́n ni, baba àtàtà ni. Mo kà á tán, mo tún un kà. Kò sí "ọkọ" níbẹ̀. Ó dà bíi pé láti inú ilé ìyá rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti bọ́ sí inú ibojì, tí kò ya ibì kankan lọ́nà. Apá ọ̀tún òkúta náà wà ní òfìfo, ó ń dán. Mo gbé ìyẹn sọ́kàn, mo ní bóyá ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ tèmi sí lọ́jọ́ tó bá yá. Òmùgọ̀ tí mo jẹ́, mo yí sí Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dúpẹ́ kí ni?" ló wí.

"Àyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, mà."

"Fún ta ni? Ìyàwó, èmi ni mo ni ibẹ̀. Inú kan náà lèmi àti àbúrò mi ti jáde. Ìwọ, inú àwọn ènìyàn rẹ lo ti wá."

Mo sọ fún pásítọ̀. Pásítọ̀ ní ká fi àdúrà sí i. Mo sọ fún àwọn alábòójútó ilẹ̀ náà, wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé kí n lọ bá ẹni tó ni ín. Mo wá bẹ Ẹ̀gbọ́n lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ìbàdí tí wọ́n gé, ó ní oúnjẹ ń jóná. Láti ìgbà náà, kò sí ohun mìíràn tí mo tún fẹ́ láyé yìí ju àyè yẹn lọ. Ẹni tó bá ti bá ènìyàn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan láti ìgbà èwe, kò mọ ibi tí yóò tún kọrí sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọmọ mi fẹ́ ọmọkùnrin ará Kòríà kan tí wọ́n bí ní Flushing, nítòsí wa. Àwọn òbí ọmọ náà fẹ́ kí á tún ṣe ìgbéyàwó náà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní Seoul. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ẹni tí yóò fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́ bí kò ṣe òun. "Ṣé ìyàwó ló ń fi ọmọ ilé fọ́kọ ni?" Báyìí la ṣe jọ wọ bàálù, èmi àti òun, ìjókòó wa sì kan ara wọn títí a fi dé òdìkejì ayé. Báàgì rẹ̀ wà lórí itan mi.

Ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó náà, ìyá ọkọ ọmọ mi kó wa lọ wo ojúbọ àwọn ọba ayé àtijọ́ tó wà láàárín ìlú náà. Mo ti kà nípa rẹ̀ rí nígbà tí mo ń kọ́ni ní ìtàn. Ìlànà ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà nì, Konfúṣíọ́sì, ni wọ́n tẹ̀lé kọ́ ọ, láti máa bọlá fún àwọn ọba tó ti kú. Kò sí òkú kankan níbẹ̀. Pátákó kékeré tí wọ́n gbẹ́ fún ọba kọ̀ọ̀kan ló wà nínú yàrá, wọ́n dá ihò sí i lára kí ẹ̀mí olúwarẹ̀ lè máa gbà á wọlé, kó máa gbà á jáde. Igi dúdú ló yí ibẹ̀ ká. Ariwo ìlú kò wọlé rárá. Láti ẹnu ọ̀nà ni ọ̀nà kan ti bẹ̀rẹ̀, òkúta líle tí wọn ò gé dọ́gba ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀nà náà pín sí mẹ́ta, ti àárín sì ga díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ.

Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe rí i pé ti àárín ló ga jù, ó gun orí rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó fa ìró rẹ̀ sókè, ó tún gèlè ṣe, ó yíjú padà sí mi, ó ní, "Ìyàwó, máa gba ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Èmi ni ọkọ ilé." Mo gba ẹ̀gbẹ́. Ó ń rìn bí ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá ń wọ ilé Ọlọ́run, ó ń fi ọwọ́ kí àwọn àlejò. Ọmọ mi ń pè é pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, "Big Mummy, ẹ sọ̀kalẹ̀, please, ẹ sọ̀kalẹ̀," ó ń lọ ní tirẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà tó ń mú wa kiri sáré wá, ó ń ju ọwọ́, ó ní kó sọ̀kalẹ̀ kíákíá, ó ní àwọn òkú ló ni ọ̀nà yẹn, alààyè kì í rìn ín.

"Kí ló ní?" Ẹ̀gbọ́n bi mí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin náà kò yé e.

Mo fara balẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Ó ní ọ̀nà òkú lẹ wà, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó fò sílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan bọ́, gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú bàtà náà fún un, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

A dé àgbàlá ńlá tó wà níwájú ilé náà. Mi ò rí ilé tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, òpó pupa ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó pupa, gbogbo rẹ̀ tì pa, ó sì pa rọ́rọ́. Ọkùnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọba kan, àti pé ayaba rẹ̀ ló wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Bí ayaba bá kú tí ọba fẹ́ òmíràn, àwọn méjèèjì ni yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè nìkan ni kò ní yàrá níbẹ̀. Nígbà tó sọ èyí, mo wo ilẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí kí wọ́n yọ orúkọ ènìyàn kúrò níbi tó ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti rí ara rẹ̀ kó jọ. Ó gbé ohùn sókè níwájú gbogbo àlejò, ó ní, "Ẹ bi í léèrè, níbo ni wọ́n fi ẹ̀gbọ́n ọba obìnrin sí?"

Mo bi ọkùnrin náà. Ó ní, "Kò sí níhìn-ín, mà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ló wà."

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ ọkọ rí. Ọmọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi kí n má túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ dáadáa, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo tún fi "mà" sí ìparí. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n òun rò pé òun ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, mi ò sì sọ fún un pé kì í ṣe òun. Títí a fi padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò ó: pé obìnrin tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ilé tí wọ́n kọ́ fún ìran àwọn ọba, tí ìyàwó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ní gbogbo yàrá rẹ̀, kò ní lè padà sí Queens kó tún sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe tèmi.

A padà dé, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọdún yí po, àìsàn gbé e dè. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un ní oògùn, nítorí iṣẹ́ mi ni, àti nítorí mo ń retí. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tí dókítà sọ fún wa pé kò ní pẹ́ mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a, mo ti ilẹ̀kùn, mo tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rán an létí ohun tí a jọ rí ní Seoul. Mo ní kó bá mi sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún àwọn alábòójútó ilẹ̀ náà.

Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi báyìí. Òkúta náà ti kún. Ọmọ mi ti gba àyè fún mi níbòmíràn nínú itẹ́ òkú kan náà, lẹ́bàá ọgbà irin, níbi tí bàálù JFK ti ń fò kọjá lórí ènìyàn tí ènìyàn kò fi ní gbọ́ àdúrà ara rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, it's close, kò jìnnà." Bí mo bá dúró níbẹ̀, mo lè rí ẹ̀yìn òkúta wọn. Mo ń lọ sídìí òkúta náà ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń gbé òdòdó lọ fún ọkọ mi, mo sì máa ń gbé e sí apá òsì kó má kan apá ọ̀tún. Àwọn ènìyàn ní kí n dárí ji Ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbìyànjú. Ibi tí mo máa ń bá a dé náà ni ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní ọsibítù, tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, tó wò mí pẹ́, tó wá fi ọwọ́ pè mí sún mọ́ ọn bí ẹni pé ó fẹ́ súre fún mi, tó ní:

"Gbogbo ayaba tí a rí lọ́hùn-ún, wọ́n kú kí wọ́n tó wọlé tọ ọkọ wọn. Ìwọ lo pẹ́, ìyàwó. O ò tètè kú."